Kàbà, Mọ̀pà tàbí abúlé Bùnú: ibo ló yẹ kí ẹni tó ń padà bọ̀ wálé kọ́lé sí?

Oṣù Kejìlá ni ọ̀pọ̀ nínú àwa ọmọ Ọ̀kún, Yorùbá apá ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ Kogí, tó wà ní Èkó, Àbújá àti Ìlọrin máa ń yan ibi tí a ó kọ́lé sí, oṣù náà gan-an ni kò sì yẹ kí a yàn án. Nígbà Kérésì, gbogbo ilé ló ṣílẹ̀kùn, ọkọ̀ kún ojú títì, omi kànga kò tíì fà, afẹ́fẹ́ òwúrọ̀ sì tutù. Ẹni tó bá dúró síwájú ilé bàbá rẹ̀ lásìkò yìí yóò rò pé bí ìlú ṣe máa ń rí láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin rẹ̀ nìyẹn. Ẹ wá wò ó nínú oṣù Kẹta, nígbà tí àlejò ti lọ tán, tí oòrùn ń ta, tí òjò kò sì tíì dé. Láàárín ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, mo ti bá ẹ̀gbọ́n mi méjì àti ọ̀rẹ́ bàbá mi kan wá ilẹ̀, èmi náà sì ti kọ́ tèmi. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ gbé síwájú yín, kí ẹ lè fi ibi mẹ́ta wé ara wọn.

Ibi mẹ́ta náà kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn. Kàbà jẹ́ ìlú ńlá, ibẹ̀ ni àwa ará apá ìwọ̀-oòrùn Kogí máa ń ná ọjà, tí a sì ń wọ ọkọ̀. Mọ̀pà jẹ́ olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Mọ̀pà-Múrò, ṣùgbọ́n ẹ̀yìnkùlé ibẹ̀ ni oko ti bẹ̀rẹ̀, èèyàn sì lè jí ní òwúrọ̀ kó fẹsẹ̀ rìn lọ sídìí kajú rẹ̀. Abúlé Bùnú, níhà àríwá àti ìlà-oòrùn Kàbà, jẹ́ ibi tí ilé kéré sí igbó. Bí Ìjùmú ni ilé yín, tàbí Yàgbà níhà Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀, ẹ ó rí ìlú tiyín nínú ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, nítorí ìrísí wọn jọra.

Àwọn tó ń gbé ibẹ̀

Ọdún 2006 ni wọ́n ka ènìyàn kẹ́yìn ní Nàìjíríà. Èyí tí wọ́n fẹ́ ṣe ní 2023 kò wáyé. Ní 2006 náà, ènìyàn bíi 145,000 ni wọ́n kà ní ìjọba ìbílẹ̀ Kàbà-Bùnú, lórí ilẹ̀ tó fẹ̀ tó nǹkan bí 2,700 kìlómítà níbùú-lóòró, wọ́n sì ka bíi 44,000 ní Mọ̀pà-Múrò, lórí ilẹ̀ tó tó 900. Bí a bá pín in, yóò fún wa ní bíi ènìyàn 54 lórí kìlómítà kọ̀ọ̀kan ní Kàbà-Bùnú, àti bíi 49 ní Mọ̀pà-Múrò. Ẹni tó bá gba ìṣirò yìí bẹ́ẹ̀ yóò sọ pé ìwọ̀n kan náà ni wọ́n, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ìlú Kàbà nìkan ló kó apá tó pọ̀ nínú àwọn ènìyàn yẹn sínú, tí ìyókù sì fọ́nká sínú ilẹ̀ Bùnú tó lọ salalu. Nítorí náà, ẹni tó kọ́lé sí Kàbà àti ẹni tó kọ́lé sí abúlé Bùnú wà nínú ìjọba ìbílẹ̀ kan náà lórí ìwé, ṣùgbọ́n ìgbésí ayé wọn kò jọra.

Ní Kàbà, oríṣiríṣi ènìyàn ni ẹ ó bá pàdé. Àwọn Owé ni onílẹ̀, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ ìjọba, oníṣòwò Ìgbò, Ẹ̀bìrà àti Hausa wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ tó ti wà níbẹ̀ láti 1964. Àwọn ọ̀dọ́ pọ̀, ariwo sì pọ̀. Ní Mọ̀pà, àgbàlagbà, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì àti àwọn ọmọ-ọmọ tí wọ́n rán wálé láti ìlú ńlá ló pọ̀ jù. Àwọn tó wà láàárín ọmọ ogún ọdún sí ogójì ni ojú ń wá tí kì í rí, àyàfi nígbà Àjíǹde àti Kérésì. Ní Bùnú, àgbàlagbà náà ló ṣẹ́kù sílé, ṣùgbọ́n ẹ ó bá àwọn àgbẹ̀ Ẹ̀bìrà àti Tiv lóko, tí wọ́n gba ilẹ̀ lọ́wọ́ onílẹ̀ láti dáko iṣu àti ẹ̀gẹ́. Èmi kò rí èyí bí ohun tó burú. Láìsí wọn, ọ̀pọ̀ ilẹ̀ wa ì bá ti di igbó, ọjà abúlé míì ì bá sì ti parẹ́.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ iye ènìyàn tó ń gbé àdúgbò kan lóòótọ́, ẹ má béèrè, ẹ jáde ní ìrọ̀lẹ́. Nínú oṣù Kejì kan, mo rìn gba àdúgbò ìyá mi kọjá nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, mo sì ń ka ilé tí èéfín ìdáná ń ti ẹ̀yìn rẹ̀ jáde tàbí tí iná ń tàn nínú rẹ̀. Nínú ilé mẹ́rìnlá, márùn-ún ni mo kà. Mẹ́sàn-án ìyókù ní páànù tuntun àti géètì onírin, wọ́n ti àgádágodo mọ́ ọn, koríko sì ti hù láàárín táìsì ojúde wọn. Àwa tó wà lẹ́yìn odi ló ni wọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọjọ́ ogbó rẹ̀ gbé ibẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ilé márùn-ún yẹn ni aládùúgbò òun, pé àwọn ni yóò gbọ́ bí òun bá kígbe lóru. Bí abúlé ti kéré tó, ìkíni kì í wọ́n níbẹ̀. Ẹni mẹ́wàá á ti kí yín ní «Ọ̀kún» kí ẹ tó dé odò, ọ̀rọ̀ ìkíni yìí ló sì di orúkọ gbogbo wa. Ní Kàbà, ẹ lè rin àdúgbò kan já láìsí ẹni tó mọ ọmọ ẹni tí ẹ jẹ́.

Ilẹ̀ àti ilé

Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìgboro sábẹ́ gómìnà, ó sì fi ilẹ̀ àrọko sábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Èyí ló fà á tí ìwé ilẹ̀ fi ṣe pàtàkì ní Kàbà, tí ọ̀rọ̀ olórí ẹbí sì fi lágbára ní Bùnú. Mọ̀pà wà láàárín méjèèjì, àwọn kan ń tà, àwọn kan ṣì ń pín in fún ọmọ ìdílé. Ẹ̀gbọ́n mi àgbà ra púlọ́ọ̀tì kan ní Kàbà lọ́wọ́ ẹ̀ka kan nínú ìdílé kan, wọ́n fọwọ́ sí ìwé fún un, wọ́n sì ya fọ́tò. Nígbà tí ó gbẹ́ ìpìlẹ̀ tán, ẹ̀ka kejì dé, wọ́n ní àwọn kò mọ̀ nípa rẹ̀. Ó san owó náà lẹ́ẹ̀kejì kó tó lè gbé búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́ sílẹ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bi mí pé kí wọ́n má san kọ́bọ̀ kan títí tí gbogbo ẹ̀ka ìdílé yóò fi jókòó pọ̀ lójú kan, kí àwọn obìnrin ilé náà sì wà níbẹ̀, nítorí wọ́n sábà máa ń rántí ohun tí àwọn ọkùnrin gbàgbé.

Ẹni tí kò fẹ́ kọ́lé lójú ẹsẹ̀ lè háyà yàrá tàbí fúlátì ní Kàbà, nítorí akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ ti mú kí àwọn onílé kọ́ ọ fún àyágbé. Ní Mọ̀pà, ilé àyágbé kò pọ̀; yàrá nínú ilé ìdílé ẹnìkan ni ẹ máa rí, ẹ ó sì bá wọn lo kànga àti ilé ìdáná. Ní Bùnú, kò sí ohun tó ń jẹ́ rẹ́ǹtì. Ẹ óò lọ kí bàbá olórí ẹbí ni, wọn yóò sì fún yín ní ibi tí ẹ máa sùn sí.

Ọ̀rọ̀ ilé fúnra rẹ̀ ni mo fẹ́ kí a fara balẹ̀ gbé yẹ̀wò, nítorí ibẹ̀ ni owó púpọ̀ ti ń ṣòfò. Oríṣi ilé méjì ló wọ́pọ̀, ilé alámọ̀ àtijọ́ àti ilé búlọ́ọ̀kù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wó ti àkọ́kọ́ láti fi kọ́ èkejì láìrò ó. Ògiri ilé tí ìyá mi ń gbé nípọn tó ìgbọ̀nwọ́ kan. Bí ẹ bá fi àtẹ́lẹwọ́ kan ojú rẹ̀ nínú ní aago méjì ọ̀sán oṣù Kẹta, yóò tutù, nígbà tí ògiri ilé búlọ́ọ̀kù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti gbóná bí ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Àìsàn ilé alámọ̀ ni omi. Òjò tó ń ta láti ilẹ̀ sára ìsàlẹ̀ ògiri ló ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi ń rẹ́ ẹ kì í sì pẹ́ tó fi ń ṣí, torí pé amọ̀ ń wú bó bá mu omi, ó sì ń sún kì bó bá gbẹ, sìmẹ́ǹtì kò sì lè bá a ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ilé alámọ̀ ìdílé yín bá ṣì dúró, ẹ fi òkúta yí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ká, ẹ jẹ́ kí etí òrùlé yọ síta dáadáa, kí ẹ sì wa ọ̀nà fún àgbàrá. Owó kékeré ni èyí lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tí wọ́n fi ń kọ́ tuntun.

Ẹni tó bá fẹ́ fi búlọ́ọ̀kù kọ́ yóò rí òkúta àti yanrìn nítòsí ní ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọbájànà, níbi tí ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ńlá wà, kò jìnnà sí Kàbà, ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí èyí rò pé sìmẹ́ǹtì yóò pọ̀ ní owó pọ́ọ́kú. Ẹ béèrè iye rẹ̀ lọ́wọ́ oníṣọ́ọ̀bù mẹ́ta ó kéré tán. Ohun tó mú ti Bùnú yàtọ̀ ni owó ọkọ̀. Bí ọ̀nà abúlé náà bá jẹ́ oníyẹ̀pẹ̀, tí ọkọ̀ akẹ́rù kò sì lè wọ̀ ọ́ lásìkò òjò, gbogbo ohun èlò gbọ́dọ̀ ti wọlé kí oṣù Kẹrin tó dé.

Lẹ́yìn èyí ni òrùlé. Ìjì tó máa ń ṣáájú òjò ní ìbẹ̀rẹ̀ àsìkò òjò sábà máa ń wá láti ìlà-oòrùn, ó sì máa ń lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Àwọn àgbà wa mọ èyí. Bí ojú ọ̀run bá ṣú dúdú níhà tí oòrùn ti ń yọ, wọn yóò ní kí wọ́n kó aṣọ wọlé. Ilé tí mo kọ́kọ́ bá ìyá mi tún ṣe, orí àkàbà ni mo ti ń wo káfíńtà tó ń kan páànù rẹ̀. Ìṣó lásán ló lò, kò fi rọ́bà sí ìdí wọn, ó sì fi àlàfo tó ju ìgbọ̀nwọ́ kan sáàárín ìṣó àti ìṣó. Èmi náà kò mọ̀ tó nígbà yẹn, mo san owó rẹ̀, mo sì dúpẹ́. Ìjì kejì nínú oṣù Kẹrin ló ṣí ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí ìlà-oòrùn láti ìsàlẹ̀ bí ẹni ń ṣí ìwé, ó sì gbé páànù mẹ́fà lọ sínú oko aládùúgbò. Ìyá mi sùn sí ilé ìjọsìn ní alẹ́ yẹn. Ẹ jẹ́ kí òrùlé yín ní ìdagẹ̀rẹ̀ ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ má ṣe fi ojú ògiri gíga olórí ṣóńṣó kọ ìlà-oòrùn, kí wọ́n sì fi wáyà de igi àjà mọ́ ògiri. Mo kà èyí sí pàtàkì ju táìsì lọ.

Omi, òjò àti ooru

Kò sí ìyàtọ̀ púpọ̀ láàárín Kàbà, Mọ̀pà àti Bùnú nípa òjò. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ìparí oṣù Kẹta tàbí nínú oṣù Kẹrin, ó máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ nínú oṣù Kẹjọ, ó sì máa ń tán nínú oṣù Kẹwàá tàbí ní ìbẹ̀rẹ̀ Kọkànlá. Gbogbo rẹ̀ lọ́dún máa ń wà láàárín 1,100 àti 1,500 mìlímítà. Ibi tí igbó ńlá ti ń parí tí ọ̀dàn sì ti ń bẹ̀rẹ̀ ni wá. Ìdí nìyẹn tí kòkó fi lè so ní apá kan Ìjùmú, tí ọkàbàbà sì lè ṣe dáadáa ní apá kan Yàgbà.

Ibi tí ìyàtọ̀ wà ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí omi lẹ́yìn tí òjò bá tán. Orí àpáta líle ni ilẹ̀ Ọ̀kún wà, ẹ rí àwọn òkè ràbàtà tó yí Kàbà ká. Omi kì í dúró nínú irú àpáta bẹ́ẹ̀ àyàfi nínú yẹ̀pẹ̀ àpáta tó ti rà tó bò ó lórí àti nínú àwọn ibi tí ó ti sán. Nítorí náà, èèyàn lè gbẹ́ kànga kó rí omi, kí aládùúgbò rẹ̀ gbẹ́ tirẹ̀ ní ogójì ẹsẹ̀ síbẹ̀ kó kan òkúta gbígbẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti bọ́họ́ọ̀lù. Ẹ má ṣe gba ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni tó ní omi wà níbi gbogbo. Ẹ sanwó fún ẹni tó ní ẹ̀rọ àyẹ̀wò ilẹ̀ kí ẹ tó ra púlọ́ọ̀tì.

Ní Kàbà, bọ́họ́ọ̀lù pọ̀, táńkà àti àwọn tó ń ta omi sì wà, nítorí náà owó ni ọ̀gbẹlẹ̀ ń jẹ. Ní Mọ̀pà, kànga ni ọ̀pọ̀ ilé gbójú lé. Ìyá kan ní àdúgbò wa so kókó mẹ́rin mọ́ okùn ìfami rẹ̀. Nínú oṣù Kẹwàá, kókó àkọ́kọ́ kì í kọjá etí kànga kí garawa tó kan omi; nígbà tí oṣù Kẹta bá fi máa dé ìlàjì, kókó kẹrin ti wọlé, ẹrẹ̀ pupa sì ti ń bá omi gòkè. Ó máa ń dá omi náà sínú àmù, yóò sì dúró títí di ọjọ́ kejì kí ó tó fi sebẹ̀. Ní Bùnú, àwọn abúlé tó wà létí odò tí kì í gbẹ sàn ju Mọ̀pà lọ ní ti èyí, ṣùgbọ́n àwọn tó jìnnà sódò burú ju ibikíbi lọ, ìrìn òwúrọ̀ sì máa ń gùn fún àwọn ọmọdé.

Àmọ́ ojútùú kan wà tí ọwọ́ wa tó, òjò tí a ń jẹ́ kó ṣòfò ni. Mìlímítà òjò kan lórí mítà kan níbùú-lóòró jẹ́ lítà kan. Òrùlé tó bo ọgọ́rùn-ún mítà yóò gba 2,000 lítà nínú òjò kan ṣoṣo tó tó 20 mìlímítà. Bí ẹ bá fi gọ́tà sí etí òrùlé, tí ẹ sì gbẹ́ tàǹkí sínú ilẹ̀ tó lè gba 30,000 lítà, ẹni méjì tó ń lo ọgọ́rùn-ún lítà pọ̀ lójúmọ́ yóò la ọ̀gbẹlẹ̀ já láìtọrọ omi lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ní ti ooru, gbogbo ilẹ̀ wa tutù ju Lọ́kọ́jà lọ, nítorí pé Lọ́kọ́jà wà nísàlẹ̀ létí odò, a sì bọ́ lọ́wọ́ irú omíyalé tó bá wọn ní 2012 àti 2022. Ṣùgbọ́n oṣù Kejì àti Kẹta ń mú ooru ọ̀sán kọjá 33 lórí ìwọ̀n Sẹ́ṣíọ́ọ̀sì, àwọn òkè tó wà nítòsí Kàbà sì máa ń tú ooru tí wọ́n ti gbà jáde ní alẹ́. Ọyẹ́ máa ń gbẹ ètè àti imú, ó máa ń da àwọn alásímà láàmú, eruku Kàbà sì ń fi kún un. Ní Bùnú àti etí Mọ̀pà, iná igbó ni ẹ̀rù ọyẹ́. Ẹ ṣán igbó yí ilé ká kí oṣù Kejìlá tó parí.

Ọ̀nà, ìwòsàn àti ààbò

N kò ní pẹ́ lórí èyí. Ọ̀nà onísìmẹ́ǹtì tó tó 43 kìlómítà ló so Ọbájànà mọ́ Kàbà, èyí sì mú kí Lọ́kọ́jà àti Àbújá rọrùn láti dé láti Kàbà. Láti Mọ̀pà, ọ̀nà Ìsánlú ń lọ sí Ẹ̀gbẹ̀, níbi tí ilé ìwòsàn ìjọ ECWA wà, tí ọ̀pọ̀ ará Yàgbà sì gbójú lé. Ní Bùnú, ẹni tó bá ṣàìsàn lóru gbọ́dọ̀ dé Kàbà. Ìjínigbé ti dé ojú ọ̀nà wa àti inú oko wa ní àwọn ọdún yìí, kò sì sí ìdí láti fi pamọ́ fún ẹni tó ń bọ̀. Ẹ má rìnrìn-àjò lẹ́yìn aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kí ẹ sì bi àwọn ọdẹ àti fìjìláńtì àdúgbò léèrè ọ̀rọ̀ kí ẹ tó yan abúlé kankan.

Ta ló yẹ kó lọ síbo

Ẹni tó ní àìsàn tó ń gba dókítà lóòrèkóòrè, tàbí tó ṣì ń ṣòwò, kó lọ sí Kàbà, kó sì gbà pé òun yóò san owó ilẹ̀ àti owó omi. Ẹni tó ní owó ìfẹ̀yìntì, tó fẹ́ dá kajú àti iṣu, tó sì fẹ́ kí àwọn aládùúgbò mọ orúkọ òun, Mọ̀pà àti irú rẹ̀ ni mo yàn fún un. Bùnú ni mo fẹ́ràn jù láti wò, ṣùgbọ́n n kò lè ní kí tọkọtaya àgbàlagbà nìkan lọ gbé abúlé tí ilé mẹ́ta péré ti ń dáná. Bí ọkàn yín bá wà níbẹ̀, ẹ kọ́kọ́ kọ́ yàrá méjì pẹ̀lú tàǹkí omi, kí ẹ sì gbé ibẹ̀ láti oṣù Kejì dé ìgbà tí òjò yóò fi dúró dáadáa, kí ẹ tó mọ̀ bóyá kí ẹ fi kún un.

Mọ̀pà ni èmi kọ́lé sí. Tàǹkí ni mo kọ́kọ́ gbẹ́, ṣáájú ìpìlẹ̀, àwọn bíríkìlà sì rẹ́rìn-ín pé ta ló ń kọ́ àmù kó tó kọ́ ilé. Nínú oṣù Kẹta tó kọjá, nígbà tí kókó kẹrin ìyá àdúgbò wa ti wọ kànga, garawa méjì ni ó ń gbé wá sí ẹ̀yìnkùlé mi láràárọ̀, ọmọ-ọmọ rẹ̀ á sì ru kékeré tẹ̀lé e.